Fíláàṣì Tí Kò Ṣí Ní Ìsàlẹ̀ Èkó

"Ọmọ mi, fíláàṣì tí o gbé fún mi yìí, ṣé òfìfo ni?"

Bí Alhaja ṣe bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ lórí fóònù nìyẹn, kò tiẹ̀ dúró gba ìkíni mi. Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Àìkú ni, mo wà nílé ní Ṣómólú, mò ń sá aṣọ. Mò ń gbọ́ ariwo èrò lẹ́yìn rẹ̀: àwọn ọmọ, àwọn ìyàwó ilé, àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ láti ọjà Balógun, gbogbo wọn ti jókòó sí pálọ̀ ní Ìsàlẹ̀ Èkó láti wo òde ọgọ́ta ọdún tí a ṣe fún un ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ṣáájú. Wọ́n ti se mọ́ínmọ́ín, wọ́n ti da yìnyín sórí ohun mímu. Ìgbà tí wọ́n wá ki fíláàṣì bọ tẹlifíṣọ̀n, tẹlifíṣọ̀n ní òun ò mọ̀ ọ́n rí.

"Nǹkan wà nínú rẹ̀ mà. Ẹ jọ̀ọ́, kí ló kọ síta?"

Ó pe ọmọ-ọmọ rẹ̀ kan kó wá kà á. "Unsupported format," ni ọmọ náà kà.

"Kí nìyẹn túmọ̀ sí? Ṣé owó tí mo san ni kò pé?"

Owó pé o. Ó ti pé kí òde tó bẹ̀rẹ̀ pàápàá, nítorí Alhaja kì í jẹ gbèsè, kò sì fẹ́ràn ẹni tó bá jẹ ẹ́ ní gbèsè. Èmi ni mo jẹ̀bi. Èmi tí mo ti ń gé fídíò láti 2004, tí àwọn ọmọ àdúgbò ń pè ní Àńtí Fídíò, èmi ni mo gbé fídíò tí kò ṣeé wò fún àgbàlagbà níwájú àlejò rẹ̀.

Mo ń kọ èyí fún ẹ̀yin tí ẹ ń ya òde, ẹ̀yin tí ẹ ń gé e, àti àwọn ọmọṣẹ́ tí wọ́n ń bi mí lójoojúmọ́ pé, "Àńtí, setting wo ni kí n fi rẹ́ńdà?" (Rẹ́ńdà ni kí a sọ fídíò tí a gé di fáìlì tí èèyàn lè wò.) Ìbéèrè ni mo máa ń fi dá wọn lóhùn báyìí: ta ló fẹ́ wò ó, orí kí ni yóò sì ti wò ó? Mi ò kì í béèrè bẹ́ẹ̀ tẹ́lẹ̀.

Àárọ̀ ọjọ́ Ajé, mo gbé laptop sínú àpò, mo wọ danfó ní Fadeyi. A gba Jíbówú, a gba Òyìngbò, a dé Ìddó, a gun Carter Bridge, a sì já sí Ìdúmọ̀tà. Ìdúmọ̀tà náà ni mo ti kọ́ṣẹ́. Kò sí ìgbà tí mo bá sọ̀ kalẹ̀ níbẹ̀ tí mi ò ní rántí ṣọ́ọ̀bù ọ̀gá mi, òkè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì tí ooru ibẹ̀ lè se ẹyin, àti àwọn ẹ̀rọ tí a tò lórí ara wọn tí wọ́n ń da VCD kọ láti àárọ̀ ṣúlẹ̀. Nígbà náà, kò sẹ́ni tó ń bi ẹnikẹ́ni ní setting. VCD ni VCD. MPEG-1 ni ọ̀nà tí a fi ń fún un pọ̀, àwòrán tó ní àmì (pixel) 352 lọ́nà 288, àwòrán mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n ní ìṣẹ́jú-àáyá kan, 1150 kílóbíìtì fún àwòrán, 224 fún ohùn. Láti 1993 ni wọ́n ti fi àṣẹ yẹn lélẹ̀, kò sì sí ohun tí ìwọ ọmọṣẹ́ lè yí padà nínú rẹ̀. Díìsì kan ń gba bíi ìṣẹ́jú 74, ìdí nìyẹn tí fíìmù kan fi máa ń wá ní díìsì méjì nínú páálí kan. Àwòrán rẹ̀ kò mọ́ o. Bí òṣèré bá sáré, ojú rẹ̀ á pín sí igun mẹ́rin mẹ́rin bí táìlì. Ṣùgbọ́n ẹ̀rọ tó bá ti ṣí ọ̀kan ti ṣí gbogbo wọn. Mi ò rántí ọjọ́ kan tí oníbàárà padà wá sọ pé VCD òun ò ṣí, àfi tí díìsì bá ti ha.

Òní, kámẹ́rà mi nìkan ní oríṣiríṣi ọ̀nà tó lè gbà kọ àwòrán, ètò tí mo fi ń gé e tún ní tirẹ̀, tẹlifíṣọ̀n ilé oníkálukú sì ní ohun tó mọ̀ àti ohun tí kò mọ̀.

Nígbà tí mo dé ilé Alhaja, ó ti tutù díẹ̀. Ó ní kí n jẹ mọ́ínmọ́ín àná. Tẹlifíṣọ̀n méjì ló wà nílé náà. Èyí tó wà ní pálọ̀ tóbi, ó sì ti lé lọ́dún mẹ́wàá. Èyí tó wà ní yàrá rẹ̀ kéré, ó sì dàgbà ju ti pálọ̀ lọ. Mo ki fíláàṣì bọ àwọn méjèèjì, mo sì rí i pé àṣìṣe mẹ́ta ni mo ṣe, kì í ṣe ẹyọ kan.

Àkọ́kọ́ ni fáìlì òde gan-an. Kámẹ́rà mi ń ya 10-bit 4:2:2, màá ṣàlàyé ìyẹn níwájú. Nígbà tí mo fẹ́ rẹ́ńdà, mo ní kó jáde bó ṣe wọlé, nínú H.265, ọ̀nà kan láti fún fídíò pọ̀, nítorí mo rò pé ohun tó bá ti dára jù ló yẹ ẹni tó sanwó. Ó ṣí dáadáa lórí kọ̀ǹpútà mi. Ìyẹn ló tàn mí jẹ.

Èkejì jọ ẹ̀rín. Àwọn ọmọ Alhaja ti bẹ̀ mí pé kí n fi àdúà àwọn Àlùfáà sí i láìgé, nítorí náà mo kàn da fáìlì yẹn kọ tààrà láti inú káàdì kámẹ́rà mi kejì, èyí tó ń ya 8-bit lásán nínú H.264. Tẹlifíṣọ̀n pálọ̀ ṣí i. Àwòrán mọ́ kedere. Ẹnu Àlùfáà ń lọ sókè sódò, irùngbọ̀n ń mì, gbogbo èèyàn ń gbé ọwọ́ sókè ṣe àmín, ṣùgbọ́n kò sí ohùn rárá. Alhaja ní ó dà bí ẹni pé wọ́n ń ṣe àdúà ní ìkọ̀kọ̀ kí ọ̀tá má bàa gbọ́. Ohùn inú kámẹ́rà yẹn, LPCM ni: ohùn gbẹrẹfu tí wọn ò fún pọ̀ rárá. Ọ̀pọ̀ kámẹ́rà ló ń kọ ọ́ bẹ́ẹ̀ sínú MP4, ọ̀pọ̀ tẹlifíṣọ̀n ni kò sì mọ ohun tí yóò ṣe pẹ̀lú rẹ̀ bó bá bá a nínú MP4. AAC, ohùn tí a ti fún pọ̀, ni wọ́n ń retí.

Ẹ̀kẹta, tẹlifíṣọ̀n inú yàrá kò tilẹ̀ rí fíláàṣì náà. Fáìlì òde lé ní 9GB, FAT32, ọ̀nà àtijọ́ tí a fi ń to fáìlì sínú fíláàṣì, kò sì gba fáìlì kan tó bá ti tó 4GB, nítorí náà mo ti fọ́ọ́màtì fíláàṣì sí exFAT, èyí tó ń gba fáìlì ńlá. FAT32 nìkan ni tẹlifíṣọ̀n àgbàlagbà yẹn mọ̀.

Ẹ jẹ́ kí n dúró díẹ̀ lórí ti àkọ́kọ́, torí ibẹ̀ ni àwọn ọmọṣẹ́ ti máa ń bá mi jà. Wọ́n á ní, "Àńtí, MP4 náà ṣáà ni." Ẹ̀yin èèyàn mi, àpò ni MP4. Ẹni tó bá ń gbé Èkó ti rí gàrí nínú àpò ìrẹsì rí. Orúkọ tó wà lára àpò kò sọ ohun tó wà nínú rẹ̀. H.264 lè wà nínú MP4, H.265 lè wà níbẹ̀, AV1 náà lè wà níbẹ̀, ohùn tó tẹ̀lé e sì lè jẹ́ oríṣi mẹ́ta mẹ́rin. Ẹ gba MediaInfo sórí kọ̀ǹpútà yín, ọ̀fẹ́ ni, kí ẹ máa fi tú àpò wò kí ẹ tó gbé e fún oníbàárà.

Ohun tó wà nínú àpò, ẹ wò ó bí aṣọ tí a ká. Àgbàdá mẹ́wàá kò lè wọ àpótí kan bí a kò bá ká wọn dáadáa, ẹni tó bá sì mọ̀ ọ́n ká á fi àyè kékeré gba púpọ̀. H.264 jáde ní 2003. Ọgbọ́n rẹ̀ ni pé kì í kọ gbogbo àwòrán sílẹ̀: ó máa ń kọ ọ̀kan lódindi, lẹ́yìn náà ó kàn ń kọ ohun tó yí padà. H.265 jáde ní 2013, ó ká aṣọ náà ní àkátúnká, ó sì lè fi bíi ìdajì àyè gba ohun kan náà. AV1 dé ní 2018, ó tún fún un pọ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ṣùgbọ́n ẹni tó máa tú u gbọ́dọ̀ mọ bí a ṣe ká a. Nínú tẹlifíṣọ̀n, chip kékeré kan ló ń ṣe iṣẹ́ títú yẹn, ilé-iṣẹ́ tó ṣe é ló sì ti kọ́ ọ ní gbogbo ohun tí yóò mọ̀ láyé rẹ̀. Kọ̀ǹpútà lè fi ètò bíi VLC ṣí ohun tó jẹ́ tuntun, torí agbára rẹ̀ pọ̀, ọpọlọ rẹ̀ sì ṣeé kọ́. Chip tẹlifíṣọ̀n kò ṣeé kọ́. Ẹ lè bẹ̀ ẹ́ títí ilẹ̀ á fi mọ́.

10-bit náà ńkọ́? 8-bit ní ìpele 256 fún àwọ̀ kọ̀ọ̀kan, 10-bit ní 1024. Ìwúlò rẹ̀ ga nígbà tí a bá ń tún àwọ̀ ṣe, torí ẹ lè fà á síhìn-ín sọ́hùn-ún kó má ya. 4:2:2 náà bẹ́ẹ̀. 4:2:0 máa ń jẹ́ kí àmì mẹ́rin jọ pín àwọ̀ kan lò, nígbà tí ìmọ́lẹ̀ oníkálukú wà ní tirẹ̀, ojú èèyàn kì í sì í fura, torí ojú wa mọ ìmọ́lẹ̀ ju àwọ̀ lọ. 10-bit 4:2:2, ohun èlò inú ṣọ́ọ̀bù ni. Ẹ̀wẹ̀, H.264 tó jẹ́ 10-bit gan-an burú ju H.265 lọ níbi tẹlifíṣọ̀n, torí ó fẹ́rẹ̀ẹ́ má sí chip ilé tó mọ̀ ọ́n. Ìgbà míì ètò tí ẹ fi ń gé fídíò á gbé e jáde bẹ́ẹ̀ láìsọ fún yín. Ohun tí a bá fẹ́ gbé jáde fún Alhaja, 8-bit 4:2:0 ni. Àwọn ọmọ kan wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì tí wọ́n ń sọ pé ẹni tó bá ń gbé 8-bit jáde kò mọṣẹ́. Ẹ sọ fún wọn kí wọ́n wá bá Alhaja sọ ọ́.

Ọmọ-ọmọ Alhaja bá mi wá ìwé tẹlifíṣọ̀n pálọ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Lẹ́yìn ìwé náà ni tábìlì kékeré kan wà tí ẹnikẹ́ni kì í kà: H.264, 1080p, High Profile, Level 4.1 (ìyẹn ìpele H.264 tí chip rẹ̀ lè gbé), ohùn AAC, MP3 tàbí AC3. Ọ̀rọ̀ parí. Bí mo bá ti ka tábìlì yẹn kí n tó rẹ́ńdà, ǹ bá má jẹ mọ́ínmọ́ín ìtìjú.

Mo padà sí Ṣómólú. Iṣẹ́ wá bẹ̀rẹ̀, torí kí fídíò ṣí jẹ́ ọ̀kan, kó dùn-ún wò jẹ́ òmíràn. Ẹ sì mọ ohun tó ń jẹ́ òde Yorùbá. Ẹni tó ṣe codec, ọgbọ́n ìká àti ìtú fídíò yìí, kò ro tiwa mọ́ ọn rárá. Mo ti sọ pé ohun tó yí padà ló ń kọ sílẹ̀. Ní òde tiwa, kí ni kì í yí padà? Lẹ́ẹ̀sì Alhaja ní òkúta wẹ́wẹ́ tó ń dán lára rẹ̀ níye tí mi ò lè kà, bó bá mí báyìí, gbogbo wọn á kọ mọ̀nà lọ́nà tuntun. Gèlè ń dán. Iná aláwọ̀ mèremère ń yí lórí wọn. Èéfín ń jáde lára ẹ̀rọ. Wọ́n wá bẹ̀rẹ̀ sí í ná owó: náírà tuntun, ọgọ́rọ̀ọ̀rún, ń já bọ́ bí ewé, ọ̀kọ̀ọ̀kan ń yí bó ṣe wù ú. Òfin CBN ti 2007 kò fẹ́ kí á máa ná owó báyìí, ṣùgbọ́n èmi kọ́ ni mò ń ná an, èmi kàn ń rẹ́ńdà rẹ̀ ni. Bí bitrate, ìyẹn ìwọ̀n data tí a fún ìṣẹ́jú-àáyá kan, kò bá tó níbẹ̀, gbogbo rẹ̀ á di ẹ̀kọ. Lẹ́ẹ̀sì tí wọ́n rà lówó gọbọi á dà bí aṣọ ìnuwọ́. Ojú àwọn tó jókòó sẹ́yìn, níbi tí ìmọ́lẹ̀ kò tó, á parẹ́ pátápátá, torí ibi tó ṣókùnkùn ni encoder, ètò tó ń ká fídíò, máa ń kọ́kọ́ fi ṣe àwáwí.

Fún ọ̀pọ̀ ọdún, bitrate kan náà ni mo máa ń fún gbogbo fídíò, 8 mẹ́gábíìtì, láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ìṣirò rẹ̀ rọrùn: 8 mẹ́gábíìtì jẹ́ mẹ́gábáìtì kan ní ìṣẹ́jú-àáyá, 60 ní ìṣẹ́jú kan, 3.6GB ní wákàtí kan. Àléébù rẹ̀ ni pé Àlùfáà tó jókòó jẹ́ẹ́ gba 8, owó tó ń fò náà gba 8. Ẹni tí kò jẹun púpọ̀ ń sọ oúnjẹ nù, ebi sì ń pa oníṣẹ́ agbára.

CRF ni mò ń lò báyìí. Ẹ ó sọ ìwọ̀n ẹwà tí ẹ fẹ́, encoder yóò sì fún ibi kọ̀ọ̀kan ní ohun tó bá nílò. Nínú x264, encoder tó ń ṣe H.264, láti 0 dé 51 ni, èyí tó bá kéré ló dára jù, 23 ló sì máa ń wà níbẹ̀ tí ẹ kò bá yí i. Bí ẹ bá fi 6 kún un, fáìlì á dín sí bíi ìdajì. Ẹ má gbé nọ́ńbà yìí lọ sí x265, ti H.265, o, 28 ló máa ń wà nínú tirẹ̀ tí ẹ kò bá yí i, wọn kì í ṣe ẹgbẹ́.

Mo gé ègé mẹ́ta nínú òde Alhaja, ìṣẹ́jú-àáyá 30 ọ̀kọ̀ọ̀kan: àdúà, ìwọlé àwọn ẹbí, àti ìgbà tí onígángan dojú kọ ọ́ tí owó ń já bọ́. Mo rẹ́ńdà wọn ní 18, ní 20, ní 23. Ní 20, àdúà kò jẹ ju mẹ́gábíìtì 3 lọ. Owó jẹ 17. Òde kan náà, setting kan náà! Mo pe ọmọṣẹ́ mi, mo ní kó jókòó sí ibi tí èèyàn máa ń jókòó wo tẹlifíṣọ̀n, kì í ṣe kó na imú sí i. Kò mọ ìyàtọ̀ 18 sí 20. Ó mọ 23 nítorí òkúta lẹ́ẹ̀sì ti ń lẹ̀ pọ̀, ojú àwọn ará ẹ̀yìn sì ti ń yọ́. Nítorí náà, 20.

Ṣùgbọ́n mi ò fẹ́ kí owó yẹn gun òkè bó ṣe fẹ́, torí ibi USB tẹlifíṣọ̀n àtijọ́ lè má lè kà á yára tó, fídíò á wá máa dúró bí ọkọ̀ ní Òjúẹlẹ́gba. Mo fi ìdènà sí i: kó má kọjá mẹ́gábíìtì 12. Ìdènà yìí tún yanjú ọ̀rọ̀ 4GB fún mi. Bí ohùn bá jẹ́ 192 kílóbíìtì, tí àwòrán kò sì kọjá 12, fáìlì ìṣẹ́jú 40 kò lè dé 4GB tí FAT32 ń kọ̀, bó ti wù kí ijó pọ̀ tó. Mo wá gé òde náà sí mẹ́rin: ìwọlé, àdúà, oúnjẹ àti ọ̀rọ̀ àwọn èèyàn, ijó. Kò sí èyí tó tó ìṣẹ́jú 40. Àwọn ẹbí tún fẹ́ràn rẹ̀ bẹ́ẹ̀, torí kò sẹ́ni tó fẹ́ wo ọ̀rọ̀ alága ẹ̀ẹ̀mejì.

Ọ̀rọ̀ preset, ìyẹn bí encoder yóò ṣe yára tàbí rọra ṣiṣẹ́. Ọmọṣẹ́ mi ní kí a lo veryslow nítorí ó gbọ́ pé òun ló dára jù. Mo gbà kó dán an wò lórí ọ̀kan nínú apá mẹ́rin náà. Iná lọ lẹ́yìn wákàtí méjì, a tan jẹnẹrétọ̀ kékeré, I-better-pass-my-neighbour, ó mu epo títí di òru. Wákàtí mẹ́sàn-án ló gbà. Slow gba mẹ́ta àti ààbọ̀, àwa méjèèjì kò sì mọ èyí tí í ṣe èwo nígbà tí mo pa orúkọ fáìlì mọ́. Láti ọjọ́ náà, slow. Bí ẹ bá ní káàdì graphics tó lè rẹ́ńdà kíákíá, ẹ lò ó fún èyí tí oníbàárà fẹ́ kọ́kọ́ yẹ̀ wò, kí ẹ fi ti gidi sílẹ̀ fún x264, torí lórí bitrate kan náà, x264 tó rọra ṣe é ló máa ń mọ́ jù.

Ohun kan wà tí Alhaja fúnra rẹ̀ sọ tí ǹ bá má rò láé. Ó ní fídíò òde ọmọ òun tí mo ṣe ní èṣín, bí òun bá ń wá ibi kan, á máa fò. Òótọ́ ni. Tẹlifíṣọ̀n máa ń fò lọ sí ibi tí àwòrán odindi bá wà ni, x264 sì lè jẹ́ kí 250 àwòrán kọjá kó tó tún kọ odindi míì. Lórí 25 ní ìṣẹ́jú-àáyá, ìṣẹ́jú-àáyá mẹ́wàá nìyẹn. Mo dín in sí 50, ìṣẹ́jú-àáyá méjì. Fáìlì tóbi díẹ̀ sí i, ọwọ́ Alhaja sì balẹ̀ lórí rìmóòtù.

Ẹni tó bá mọ FFmpeg lò, ètò tí a ń kọ àṣẹ fún lójú dúdú kọ̀ǹpútà, bí mo ṣe kọ ọ́ nìyí:

ffmpeg -i ode.mov -c:v libx264 -preset slow -crf 20 -profile:v high -level 4.0 -pix_fmt yuv420p -maxrate 12M -bufsize 24M -g 50 -c:a aac -b:a 192k -ar 48000 -ac 2 -movflags +faststart ode.mp4

Ẹ̀yin tí ẹ̀rù ojú dúdú yẹn ń bà, HandBrake ní gbogbo rẹ̀ lójú fèrèsé, ọ̀fẹ́ ni òun náà. Level 4.0 ni mo kọ torí 1080p ní àwòrán 25 kò nílò jù bẹ́ẹ̀. Bí ẹ bá ya 50 ní ìṣẹ́jú-àáyá, 4.2 lẹ máa nílò, tẹlifíṣọ̀n tó mọ 4.1 sì lè kọ̀ ọ́ fún yín. Ìdí tí mi ò fi ń gbé 50 jáde fún òde nìyẹn.

Àwòrán fóònù tí àwọn ẹbí máa ń kó wá, ìyọnu ni. Fóònù kì í di iye àwòrán rẹ̀ mú ṣinṣin, bí ẹ bá jù ú sínú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀, ohùn á máa ṣíwájú ẹnu nígbà tó bá yá. Ẹ kọ́kọ́ sọ ọ́ di iye kan tí kì í yí. Láti iPhone 12 ti 2020 ni iPhone tún ti lè ya HDR, àwòrán tí ìmọ́lẹ̀ àti àwọ̀ rẹ̀ gbòòrò ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, bí ẹ kò bá sì yí i sí àwọ̀ tí tẹlifíṣọ̀n lásán mọ̀, gèlè pupa á funfun bí ẹni tó bó. Mo ti ń sọ fún àwọn ẹbí báyìí kí òde tó bẹ̀rẹ̀: ẹ pa HDR, ẹ ṣí PAL formats nínú setting kámẹ́rà, ẹ yan 25. Ìdajì wọn kì í ṣe é.

Ti WhatsApp kò gùn. Ọmọ Alhaja tó wà ní London fẹ́ ìṣẹ́jú mẹ́ta tí ìyá rẹ̀ jó. Bí ẹ bá fi ránṣẹ́ bíi fídíò, WhatsApp yóò tún un ká ní tirẹ̀, yóò sì ba gbogbo làálàá yín jẹ́. Ẹ fi ránṣẹ́ bíi document, ó ń gba tó 2GB. Mo ṣe tirẹ̀ ní 720p, bíi mẹ́gábíìtì méjì. Ìṣẹ́jú mẹ́ta jẹ́ bíi mẹ́gábáìtì 45, kò sì jẹ data ẹnikẹ́ni tán. Faststart tí ẹ rí lókè yẹn, ó ń gbé atọ́ka fáìlì wá sí iwájú. Bí ẹ bá gbé fídíò sórí íntánẹ́ẹ̀tì, á bẹ̀rẹ̀ sí í ṣí kó tó wọlé tán. Bí ẹ bá sì taku pé H.265 lẹ fẹ́ fi ránṣẹ́ sí ẹni tó ń lo iPhone, ẹ rí i pé àmì hvc1 ló wà lára rẹ̀, kì í ṣe hev1, torí Apple kì í ṣí hev1.

Ọjọ́ Àìkú tó tẹ̀lé e, mo padà sí Ìsàlẹ̀ Èkó. Fíláàṣì FAT32, fáìlì mẹ́rin. Mo tún mú fíláàṣì kejì dání tí odindi 10-bit wà nínú rẹ̀, mo sì kọ "Ẹ MÁ KI BỌ TẸLIFÍṢỌ̀N" sára rẹ̀ pẹ̀lú bírò, kó wà fún ìgbà tí wọ́n bá ra tẹlifíṣọ̀n míì tàbí tí ẹnìkan bá fẹ́ tún un gé. Èrò ti pé. Mọ́ínmọ́ín tuntun ni. Ọmọ-ọmọ ki fíláàṣì bọ ti pálọ̀, mo di ọwọ́ ìjókòó mú bí ẹni tó fẹ́ gba abẹ́rẹ́.

Ó ṣí. Wọ́n hó yèè. Àlùfáà ṣe àdúà, ohùn rẹ̀ jáde ketekete, gbogbo pálọ̀ sì tún ṣe àmín bí ẹni pé ọjọ́ òde ni. Wọ́n fo ọ̀rọ̀ alága. Wọ́n dé ibi ijó, owó bẹ̀rẹ̀ sí í já bọ́, òkúta ara lẹ́ẹ̀sì ń kọ mọ̀nà ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, mo sì ń wo ojú àwọn èèyàn dípò tẹlifíṣọ̀n.

"Dúró! Dá a dúró níbẹ̀! Padà díẹ̀."

Alhaja ti dìde. Ó gba rìmóòtù lọ́wọ́ ọmọ-ọmọ rẹ̀, ó padà ní ìṣẹ́jú-àáyá méjì méjì, ó sì rìn lọ sí iwájú tẹlifíṣọ̀n. Kì í ṣe ara rẹ̀ ló ń wò. Ẹ̀yìn gbọ̀ngàn ló na ìka sí, tábìlì kẹta lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, níbi tí iná kò dé dáadáa. Obìnrin kan jókòó níbẹ̀ nínú aṣọ ẹbí, ó ń jẹ ìrẹsì.

"Ẹ wò ó," ni Alhaja wí fún àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ láti Balógun, ohùn rẹ̀ sì lọ sílẹ̀. "Ṣé òun kọ́ nìyẹn? Èyí tó ní òun rìnrìn àjò lọ́jọ́ náà, pé òun ò tíì rán aṣọ yẹn, pé kí n ní sùúrù fún owó rẹ̀."

Gbogbo wọn sún mọ́ tẹlifíṣọ̀n. Òun ni. Ojú rẹ̀ hàn kedere, títí kan yẹtí etí rẹ̀.

Alhaja yí sí mi. "Ọmọ mi, o ṣiṣẹ́." Ó sì na ọwọ́ sí fóònù rẹ̀.